Ilẹ̀ Rẹ, Àjà Mi

Alẹ́ àkọ́kọ́, mo rò pé ilẹ̀ ló ń mì.
Mo dìde nínú aṣọ òru,
mo di férémù ilẹ̀kùn mú bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé-ìwé,
mo ń retí kí gbogbo Tbilisi figbe ta.
Kò sẹ́ni tó kígbe.
Ajá Gocha nìkan ló gbó lẹ́ẹ̀kan, ó padà sùn.

Gbìì. Kẹ́kẹ́ pa. Gbìì.
Eruku funfun já bọ́ láti àjà sínú tíì mi.
Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ìwọ ni, Tekle,
ìwọ tó ń fi òru yan búrẹ́dì lẹ́bàá afárá,
tí apá rẹ kò nípọn ju igi ìgbálẹ̀ lọ,
ìwọ lo ra irin.

Mo rí i nígbà tí wọ́n ń gbé e gun àtẹ̀gùn:
àwo irin ribiti-ribiti, dúdú bí ìdí ìkòkò,
ọ̀pá kan tó gùn ju ọkọ mi olóògbé lọ,
ọmọkùnrin méjì ń làágùn, wọ́n ń dúró mí.
Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọgọ́jọ kílò.
Mo ní: àjà mi, ó dìgbóṣe.

Ọmọ mi tó wà ní Batumi ní kí n pe ọlọ́pàá.
Ọlọ́pàá kẹ̀? Kí ni ọlọ́pàá mọ̀ nípa igi?
Mo wọ sálúbàtà, mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo gòkè tọ̀ ọ́ wá.
O ti ń bẹ̀bẹ̀ kí n tó la ẹnu.
"Ẹ̀yìn mi ni dókítà ní kí n fún lágbára, ìyá àgbà.
Owó jíìmù ni kò sí."

Àárín yàrá gan-an lo kó gbogbo rẹ̀ sí,
níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀yìn ẹṣin arúgbó.
Áà, ọmọ yìí.
Vazha ló pààrọ̀ igi ilé yìí lọ́dún tí òjò jẹ ẹ́;
oṣù mẹ́ta ni òórùn páìnì fi wà lára rẹ̀.
Fi ìka kan ilẹ̀. Gbọ́: ó ṣófo.
Sún mọ́ ògiri, kàn án. Gbọ́: ó kún.
Igi ń bẹ níbẹ̀. Láti ojú fèrèsé sí ẹ̀yìn sítóòfù ni ó tẹ́ wọn,
orí wọn wọnú bíríkì.
Ẹsẹ̀ ògiri ni irin ń gbé, níbi tí igi ti ní alátìlẹ́yìn.
Tẹ́ pákó tó nípọn dábùú igi mẹ́ta,
kí ẹrù má baà wà lọ́rùn ẹnìkan ṣoṣo.
Lórí pákó, rọ́bà.
Bí o bá sì rí ilà tuntun lára ògiri, dúró, wá ẹnjiníà.
Vazha pàápàá a máa pe ẹni tó jù ú lọ.

Aago méjì òru kọjá kí a tó tò ó tán,
arúgbó àti ọmọ tí kò lè bẹ̀rẹ̀ dáadáa,
àwo kan, ìsinmi, àwo kan.
Ẹ̀yìn tèmi náà dùn mí fún ọ̀sẹ̀ kan.
N kò sọ fún Batumi.

Ó wá ku ọwọ́ rẹ.
Alágbára ní í gbé irin sókè, mo ní,
ṣùgbọ́n wo ẹni tó lè gbé e sọ̀ kí ará ìsàlẹ̀ má gbọ́.
Sọ̀ ọ́ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún sùn.
Má jù ú. Ilẹ̀ rẹ, àjà mi ni.

Nísinsìnyí, lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀,
kí o tó lọ síbi búrẹ́dì,
mo máa ń jókòó sábẹ́ rẹ, tíì lọ́wọ́, mo ń tẹ́tí.
Mo ń gbọ́ èémí. Mo ń gbọ́ igi Vazha
tó ń dún díẹ̀, bí òun náà ti máa ń dún
bó bá yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì.
Tíì mi mọ́ kedere.
Lọ́jọ́ tí n kò bá gbọ́ nǹkan kan,
mo máa ń fi igi ìgbálẹ̀ kan àjà lẹ́ẹ̀mejì:
Tekle, ṣé o wà?