Omi Inú Búútà

Jímọ̀ mẹkáníìkì ní Gàmbàrí,
ọmọ Ìlọrin tí ẹnu rẹ̀ dùn ju iyọ̀ lọ,
fi ọwọ́ epo lu bọ́nẹ́ẹ̀tì Pijó wa lẹ́ẹ̀mejì,
ó ní, "Bí kì í bá ṣe ti òkun,
èyí á gbé yín dé Mẹ́kà."
Kò gbé wa dé Àjàṣẹ́.

A kọjá Ìdòfìàn díẹ̀ la gbọ́ gbàù,
bí ìyàwó tó ń bínú ṣe ń ti ilẹ̀kùn.
Sàká sọ̀kalẹ̀. Ó wo táyà, ó wo ọ̀run,
ó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀:
gàrí wà, agboòrùn wà,
ìkòkò ọbẹ̀ tí a fi ìborùn dì wà,
sípéà wà, jáàkì ni kò sí.
Jáàkì wà lábẹ́ ibùsùn mi ní Adéwọlé,
níbi tí mo fi í pa mọ́ sí nítorí olè.
Mi ò sọ. Mo ń wo àgbàdo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà
bí ẹni tí wọ́n ní kó wá kà á.

Àǹtí Àwẹ̀ró ò bọ́ sílẹ̀.
Ó gbé búútà àlùwàlá rẹ̀ lé itan,
ó ní, "Ẹ má sáré.
Ibi tí mò ń lọ ò níí ṣí kúrò."
Ọmọ Ìsánlú-Ìsin ni, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin.
Ogójì ọdún ló fi ta òwú ní Ọjà Ọba,
kò fojú kan omi Òwu rí.

Ọlọ́kadà kan ló yá wa ní jáàkì.
Ó gba ẹgbẹ̀rún méjì,
ó tún bá wa jẹ nínú wàrà tí a rà
lọ́wọ́ ọmọ Fúlàní tó dúró wò wá,
tó ń fi ìborùn bo ẹ̀rín.

Rédíétọ̀ tó ń hó ló mú wa yà sí Èsìẹ́.
Àwọn ará òkúta jókòó lọ́wọ̀ọ̀wọ́,
òmíràn ò lórí mọ́, òmíràn ò lọ́wọ́,
kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀.
Sàká ní, "Bóyá àwọn náà gbàgbé jáàkì."
Mo fi ìkọ́ pa ẹ̀rín.
Àǹtí kúnlẹ̀ díẹ̀: "Ẹ kú ìjókòó o."
Ó dúró, bí ẹni pé wọn yóò dáhùn.
Ọkùnrin tó ń ṣọ́ wọn ló dáhùn.

Ní Òkè-Oníigbìn a béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta.
Ọ̀kan na òsì. Ọ̀kan na ọ̀tún.
Ẹ̀kẹta ní ká sọ̀kalẹ̀ ká wá jẹun ná.
A jẹun.

Lẹ́yìn náà eruku pupa, kòtò, igi kajú,
afárá kan tí a fi ẹsẹ̀ kọjá
kí mọ́tò tó tẹ̀ lé wa bí ewúrẹ́ tí ẹ̀rù ń bà,
títí dé Ọ̀wà Kájọlà.

A gbọ́ ọ ká tó rí i.
Lẹ́yìn náà, àpáta kan tó ga ju ohun tí ọrùn gbà lọ,
omi funfun ń já bọ́ lórí rẹ̀
bí ẹni pé lókè lọ́hùn-ún
wọ́n ń tú òwú tí kò ní ìdí.
Àǹtí ò sọ̀rọ̀. Omi ń fọ́n sí i lójú, kò nù ún.
Nígbà tó pẹ́, ó ní,
"Ṣé gbogbo ìgbà ló ń ṣe báyìí?"
"Gbogbo ìgbà ni, mà."
"Àní nígbà tí mo wà lọ́jà?"

Ó bọ́ bàtà. Ó wọ inú ibẹ̀ dé orúnkún.
Ó pọn búútà kún,
ó sì rọra gbé e padà
bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun.

Mọ́tò ò ṣí. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́.
Sàká wo búútà, ó wo ilẹ̀.
Àǹtí mí kanlẹ̀, ó ní,
"Gbà. Fún un mu."
Àwa àti ọmọ Ọ̀wà mẹ́rin la tì í títí tó fi dún.

Òru la wọ Gànmọ́.
Èéfín funfun ń yọ níwájú wa díẹ̀díẹ̀,
omi Òwu ni, ó ń bá wa lọ sílé.
Ibẹ̀ ni mo ti wá jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ jáàkì.
Àǹtí ti sùn, búútà òfìfo láyà rẹ̀.
Sàká ò wẹ̀yìn.
Ó ní òun ti mọ̀ láti Ìdòfìàn.