Ẹni Kẹtàlélọ́gọ́ta

Mo ti kọ orúkọ rẹ sílẹ̀
kí n tó mọ̀ pé ọkùnrin ni ọ́.
Obìnrin orí fóònù ní, "Orúkọ wo ni ká kọ?"
Mo ní, "Ẹ kọ Ọmọ Critch. A ò tíì bí i."
Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.
Ó ní ẹni kẹtàlélọ́gọ́ta ni ọ́ lórí ìlà,
ó ní kí n máa retí.

Àádọ́rùn-ún kìlómítà ni jẹ́lé-ó-sinmi fi jìnnà
sí Skerry Bight, níbi tí ọ̀dà títì ti parí
tí òkun sì gba iyókù.
Jẹ́lé-ó-sinmi! Ta ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn?
Ilé tiwa ò sinmi rí.
Bàbá rẹ ti wà lójú omi láti oṣù kẹrin,
àwọn alákàn ò mọ̀ pé a bímọ.
Aago márùn-ún ìdájí ni fèrè ilé iṣẹ́ ń ké;
ẹni tó bá pẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó gba ilé rẹ̀ lọ.

Mọ́ńdè, mo gbé ọ fún Tryphena.
Túsìdé, ọmọbìnrin Hedley ló dì ọ́ mú,
òun tó yẹ kó wà ní kíláàsì.
Wẹ́sìdé... mi ò fẹ́ sọ ti Wẹ́sìdé.
Mo wá páálí kan tó mọ́,
mo tẹ́ súwẹ́tà bàbá rẹ sí i,
mo gbé ọ sí yàrá tí a ń bọ́ bàtà òjò sí.
Mò ń fọ́ ẹsẹ̀ alákàn, etí mi kan wà lọ́dọ̀ rẹ.
Ọ̀gá kọjá. Ó wo páálí. Ó wò mí.
Ó ní, "Páálí yẹn mì."
Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, gbogbo wa la gbọ́.
Ta ló bi ọwọ́ kejì léèrè ibi tó lọ?

Verna Pynn, tó ta sítáǹbù fún wa fún ọgbọ̀n ọdún,
ló ní ká ṣí ilé-ìwé tí wọ́n tì
nígbà tó ku ọmọ mẹ́ta péré.
Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ bó ṣe rí i.
A kó ìgbẹ́ eku, a fọ ilẹ̀.
Ẹnì kan ti kọ "Ó dìgbóṣe" sójú pátákó,
a ò pa á rẹ́.

Ìjọba rán obìnrin kan wá tòun ti tépù.
Ó wọn yàrá, ó wọn àlàfo àárín irin àtẹ̀gùn,
ó ní fèrèsé fi ìka mẹ́rin kéré,
ìmọ́lẹ̀ ò ní tó àwọn ọmọ.
Verna na ọwọ́ rẹ̀, ó ń wo ìka rẹ̀.
Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.
Ìgbà náà la gbọ́ ẹkún látinú mọ́tò.
Ọmọ obìnrin náà ni, ọmọ ọdún méjì,
ó jí lórí ìjókòó ẹ̀yìn, bisikíìtì ti rún sí i lára.
"Ẹ má bínú," ló wí, kò lè wò wá lójú,
"mi ò rẹ́ni tí mo lè gbé e fún."
Verna ti jáde. Ó gbé ọmọ náà wọlé,
ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó nu imú rẹ̀.
Ó ní, "Ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ."

Ní Sátidé, Cyril Noftall gbé ayùn dé.
Ìka márùn-ún ló fi kún fèrèsé náà.
Ó ní ìbínú ló ni ìka karùn-ún.

Ìwé àṣẹ ò pẹ́ kó tó dé, òjò dídì ló kọ́kọ́ dé.
Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n kọ sínú rẹ̀. Mẹ́jọ ni mo kà láàárọ̀ yìí.
Lánàá, obìnrin orí fóònù tún pè,
ó ní o ti di ẹni kẹtàdínlọ́gọ́ta.
Mo ní kó má yọ ọ́. Ta ló mọ ọ̀la.

Mo gbé ọ kalẹ̀, Leander. O ò wẹ̀yìn.
Èmi ni mo dúró sẹ́nu ọ̀nà,
ọwọ́ mi méjèèjì ṣófo,
mi ò mọ ohun tí wọ́n ń fi irú wọn ṣe
títí fèrè fi ké.