Nọ́ọ̀tì Tó Ṣẹ́kù

Mẹkáníìkì Kàbà ló ní ẹ́ńjìnnì Pijó mi ti nọ́ọ̀kì.
Ó dárúkọ iye kan, mo ní kó tún un sọ:
owó ìfẹ̀yìntì oṣù mẹ́rìnlá,
tí ìjọba bá tiẹ̀ rántí san án.
"Ẹ bá mi fà á padà sí Ayétòrò."
"Ta ni yóò tún un ṣe níbẹ̀, Tíṣà?"
Ẹnu mi yá ju ọpọlọ mi lọ: "Èmi ni."

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní jọ́gíráfì.
Mo mọ ibi tí odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé,
mo mọ ìdí tí ọyẹ́ fi ń la ètè wa ní Gbẹ̀dẹ̀.
N kò mọ ibi tí epo ń gbà dé ìdí pisítìnì.

Abẹ́ igi kaṣú la tì í sí.
Ìwé àtúnṣe tí àgùnbánirọ̀ kan fi sílẹ̀ fún mi,
èdè Faransé ni, láti iwájú dé ẹ̀yìn;
àwòrán nìkan ló bá mi sọ̀rọ̀,
òun náà, epo ti mu ìdajì rẹ̀.
Ṣeyífúnmi, ọmọ ọmọ mi, ló ń di tọ́ọ̀ṣì mú.
Agolo Mílò fún nọ́ọ̀tì òkè,
agolo tòmátì fún ti ìsàlẹ̀,
nọ́ńbà ṣọ́ọ̀kì lára wọn bí ẹni fẹ́ pe rẹ́jísítà.
Tí mo bá bi í pé, "Èwo ló kàn?"
á ní, "Mẹ́jọ, sà. Mẹ́jọ ò wá sílé ìwé lónìí."

Bóòtù kan kọ̀, ọjọ́ méjì gbáko.
Mo rọ epo sí i, mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u,
mo fi òòlù gbá a, ìka mi ló gbà á.
Ọlọ́runtọ́ba aránṣọ dúró létí ọgbà.
"Okun o, Tíṣà."
"Okun."
Kò sọ jù bẹ́ẹ̀. Ó wo inú ọkọ̀, ó wò mí,
ó mi orí bí ẹni tó dé ilé ọ̀fọ̀.

Nígbà tí orí ẹ́ńjìnnì ṣí tán,
gáskẹ́ẹ̀tì ti jó, ó dúdú bí ìdí ìkòkò ẹ̀wà tí a gbàgbé síná.
Ríngì mẹ́ta ti ṣẹ́. Mo gbé ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́,
fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ báyìí.
Ṣé ohun kékeré yìí ló ń rù wá láti ọjọ́ yìí?
Ó rù wá dé ọsibítù Ẹ̀gbẹ̀ lóru ọjọ́ kan,
òjò ń rọ̀, wáípà kan ṣoṣo ń nu ojú,
ìyàwó mi ń ké lẹ́yìn pé kí n má wo òun,
kí n wo ọ̀nà.
Ọmọ tó bí kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ìyá Ṣeyí.
Mo nu ríngì náà, mo fi í sápò. N kò sọ fún ẹnì kankan.

Oṣù mẹ́ta ni. Kaṣú so, ó pọ́n, ó ń já lé bọ́nẹ́ẹ̀tì,
omi rẹ̀ ba gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì mi jẹ́;
ìyàwó mi ní kí n kúkú gbé ẹní lọ síbẹ̀.
Ríngì tuntun dé láti Ìlọrin. Mo tò ó padà.
Ó ku nọ́ọ̀tì kan.
A ka agolo, a tún un kà.
Kò ní nọ́ńbà, kò ní ṣọ́ọ̀kì.
"Bóyá àlejò ni, sà," Ṣeyí wí.

Mo yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Ó dákẹ́.
Mo tún yí i. Ó wúkọ́, ó sín,
ó tu èéfín tó lé adìyẹ Ọlọ́runtọ́ba wọgbó,
ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí.
Kì í ṣe mímí ọ̀dọ́. Mímí àgbà tó gun òkè,
tó dúró, tó gbá igi mú,
tó ní ó yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

A wà á dé ìsọ̀ aránṣọ, a wà á padà.
Epo ń kán nídìí rẹ̀; mo ti gbé abọ́ sí i.
Nọ́ọ̀tì yẹn wà lójú fèrèsé yàrá mi.
Mo máa ń jí láago kan òru, màá tan iná, màá bi í:
ibo lo ti wá?