Ojú Kan Ṣoṣo Ló Mọ̀

Àlejò tó bá kọ́kọ́ dé Àjàṣẹ́ a dúró níbẹ̀, a ṣí fìlà,
a ní: "Ìgbà wo ni máàsì ń bẹ̀rẹ̀?"
Bàbá tó ń ta tẹ̀sùbáà lẹ́nu ọ̀nà kì í dá a lóhùn,
á kàn na ìka sí àwọn búùtà àlùwàlá.

Ṣọ́ọ̀ṣì ni lójú, mọ́sálásí ni nínú.
Ilé agogo méjì, kò sí agogo.
Ladani ló ń gun àtẹ̀gùn wọn.

Baba ńlá mi ló rẹ́ ògiri rẹ̀.
Ìnásíò ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un ní Bàhíà;
Bàkárè ló gbé pamọ́ sábẹ́ ahọ́n
títí ọkọ̀ fi gbé e padà.
Ọdún mọ́kànlá ló fi ru ẹfun pípò lórí
fún ṣọ́ọ̀ṣì tí kò jẹ́ kó gba iwájú wọlé.
Ẹ̀yìn ló ń gbà. Ṣùgbọ́n iwájú ló kọ́ sórí:
bí ògiri ṣe ń ká bí etí ìwé tó pàdé omi,
bí òpó ṣe ń díbọ́n pé òun gbé nǹkan.

Nígbà tí àwọn Ìmọ̀lè àdúgbò ní kó wá kọ́ ilé ìrun,
ó ní ojú kan ṣoṣo lòun mọ̀ tó yẹ Ọlọ́run.
Wọ́n jiyàn. Òjò ọdún méjì rọ̀ sórí ìpìlẹ̀.
Wọ́n gbà níkẹyìn: "Àmọ́ kò gbọdọ̀ sí ère."
Ibi tó yẹ kí orí áńgẹ́lì méjì wà,
ó fi ihò roboto méjì sílẹ̀, ó dán etí wọn bí etí àwo.
Ẹyẹlé kó wọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ náà.
Wọ́n ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ń ṣu sára àwọ̀ osùn.

Èmi ni mò ń lẹ̀ ẹ́ báyìí.
Sìmẹ́ńtì kì í bá ẹfun àtijọ́ rẹ́;
ohun tí mo lẹ̀ lónìí, ọyẹ́ a bó o.
Atẹ́gùn ọ̀sà ti lá àwọ̀ búlúù tán.
Lánàá mo gun àkàbà dé ìdí òdòdó òkè pátápátá,
igun márùn-ún, hóró yí i po nínú.
Láti kékeré ni mo ti ń pè é ní òdòdó Bàhíà,
mo rò pé omijé ló fi pò ó.
Mo yà á sára àpò sìmẹ́ńtì, mo gbé e tọ Yáyá Sìfáwù lọ,
ẹni tí ìyá rẹ̀ ń dáná fún àwọn bíríkìlà.

Kò wò ó pẹ́. Ó mú ilá kan nínú igbá,
ó gé e ní ìbú, ó tì í sí mi lọ́wọ́:
igun márùn-ún, hóró yí i po.
"Ìdí àkàbà níbẹ̀ ni ìyá mi ti ń gé ilá," ló wí,
"ebi sì ń pa bàbá ńlá ẹ."