Ta Ló Mọ Ilé Dẹ́rẹ́bà Yìí?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ mi ti yadi.
Ojú rẹ̀ ń tàn, ẹnu rẹ̀ ò ṣí.
Fídíò tí ẹ̀gbọ́n Bàbá ṣe ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà kó tó di pé ó kú,
ètè ń mì, ọwọ́ ń júwe,
a ò gbọ́ nǹkan kan.

"Dẹ́rẹ́bà ni ò sí níbẹ̀," ni Ìlésanmí wí,
ọmọ tó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ agboòrùn l'Ẹ́rẹ́jà.
Bàbá mi gbójú sókè lórí àga.
Ọdún mọ́kàndínlógójì ló fi wa lọ́rì
láti Iléṣà dé Jọ́ọ̀sì, obì lọ, ànàmọ́ bọ̀.
"Dẹ́rẹ́bà? Nínú nǹkan pẹlẹbẹ yìí?
Ibo ló jókòó sí?"
Mo ní, Bàbá, ọ̀rọ̀ lásán ni, ojú kì í rí i,
òun ló ń sọ fún ẹ̀rọ bó ṣe máa lo ohùn tó ní.
Ó mi orí.
"Ta ló mọ ilé ẹ̀?"

Ìlésanmí yọ fíláàṣì kan lápò,
fíláàṣì tó ti wọ ogójì ilé.
"Gbogbo dẹ́rẹ́bà ayé ló wà nínú ẹ̀, màmá. Ẹgbẹ̀rún kan péré."
Igbá tí gbogbo àdúgbò fi ń mumi,
ta ló mọ ẹni tó ń wúkọ́ nínú wọn?
Mo ní mò ń bọ̀.

Lóru, mo dá wá a lórí ayélujára.
Ibi àkọ́kọ́ tó yọ, ariwo ni: Ọ̀fẹ́! Ọ̀fẹ́!
Bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé mẹ́rin ń já mi mọ́ra wọn lọ́wọ́.
Mo tẹ ọ̀kan.
Ohun tó wọlé kì í ṣe dẹ́rẹ́bà.
Òṣómàáló ni.
Ó lóṣòó sí igun ọ̀tún nísàlẹ̀,
ó ní àìsàn mọ́kànlélọ́gọ́fà ló ń ṣe ẹ̀rọ mi,
ó ní kí n san dọ́là kí òun tó dìde.
Èmi ọmọ Ìjẹ̀ṣà!
Àwa tí a fi ìlóṣòó gbowó kiri ìlú onílùú,
wọ́n wá lóṣòó tì mí ní pálọ̀ mi
fún gbèsè tí n kò jẹ.
Odindi Sátidé ni mo fi lé e jáde.

Bàbá ò bá mi wí. Ó ní,
"Lọ́jọ́ tí mo lọ tọrọ mọ́tò lọ́wọ́ Fásúyì,
kò bi mí bóyá mo mọ ọkọ̀ wà.
Ó ní, Mú mi dé ilé bàbá rẹ.
A fẹsẹ̀ rìn dé Ìṣọ̀kun nínú òjò."
Ó dákẹ́. Ó tún ní,
"Ta ló rọ nǹkan yìí? Kò lórúkọ bàbá ni?"

Mo dà á délẹ̀ bí ẹni ń wẹ ìkókó.
Mo nu ẹ̀yìn rẹ̀. Orúkọ wà níbẹ̀, ó ti ń pa rẹ́,
nọ́ńbà gígùn tẹ̀ lé e.
Mo ń fi tọ́ọ̀ṣì kà á,
Bàbá ń kọ ọ́ sẹ́yìn káléńdà ṣọ́ọ̀ṣì.
"Òdo ni, àbí lẹ́tà?"
Lẹ́tà ni, Bàbá.

Mo gba ilé ẹni tó rọ ọ́ lọ tààrà.
Kò sáriwo níbẹ̀. Wọ́n béèrè nọ́ńbà, mo fún wọn.
Ti ohùn wà. Ti àwòrán wà.
Ti kámẹ́rà ò sí mọ́, wọ́n ní ó ti pẹ́ jù;
ó ti fẹ̀yìn tì nìyẹn, bíi ti Bàbá.
Ẹrù náà wúwo. Dátà tán lẹ́ẹ̀mejì, iná lọ lẹ́ẹ̀kan.
Ago mẹ́ta òru kọjá kó tó wọlé tán.

Mi ò rántí pé mi ò tíì pa fídíò yẹn.
Ohùn bú jáde, ó kún ilé:
"Àkànmú! Àkànmú, ṣé o ti jẹun?"

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí.
Bàbá dúró nínú òkùnkùn pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀,
kò wo èmi, kò wo kọ̀ǹpútà.
Ó ní, "Mo ti jẹun."