Àkúdàáyà Orí Tábìlì

Wọ́n ní bí ẹni tó kú bá ti ṣí lọ sí ìlú tí a kò ti mọ̀ ọ́n,
ó lè gbéyàwó níbẹ̀, kó bímọ, kó dá oko,
àfi bí ojú tó mọ̀ ọ́n bá ṣèèṣì kò ó lọ́nà.
Mo rò ó lálẹ́ àná, ní Oníkòlóbó,
nígbà tí ẹ̀rọ géèmù Bọ̀dá Ṣówẹ̀mímọ́ jí
nínú kọ̀ǹpútà àlòkù tí mo rà fún iṣẹ́ ilé ìwòsàn.

Mo mọ ọjọ́ tó kú.
Ọ̀sán Sátidé kan ní Ìjẹ̀mọ̀, wọ́n mú iná wá,
iná náà sì lágbára jù.
Èéfín funfun rú jáde lẹ́nu ẹ̀rọ,
àwọn ọmọkùnrin mẹ́fà tó ti sanwó kígbe
bí ẹni pé ìyá wọn ló ṣubú.
Èmi wà lójú fèrèsé, abọ́ piọ wọ́tà lórí mi.

Obìnrin kì í wọlé géèmù, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí.
Ogún náírà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ní ogún náírà.
Ojú fèrèsé yẹn ni mo ti gbọ́n:
mo mọ ẹni tó ń fi àtàǹpàkò parọ́,
mo mọ̀ pé bí dísìkì bá ti há, ọṣẹ ìfọyín la fi ń ra á,
bí kò bá sì tún ṣe é kà, a ó dojú ẹ̀rọ dé,
a ó máa sún un díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń rẹ ọmọ tí kò fẹ́ sùn,
títí yóò fi ké.

Ọmọ mi Fẹ̀hìntọlá ló fi nǹkan náà sí i.
Ó ní, “Màámi, ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn ò sí níbí o.
Ohun tó ń ṣe bíi tiẹ̀ ni.
Kọ̀ǹpútà ń tan géèmù jẹ,
géèmù sì gbà pé ilé òun lòun wà.”
Mo ní hẹn-ẹn.
Mo ti bá irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ gbé rí.

Ó kọ́kọ́ ń kólòlò.
Orin ìbẹ̀rẹ̀ já sí wẹ́wẹ́,
agbábọ́ọ̀lù ń sáré bí ẹni tó há sínú ẹrẹ̀ odò Ògùn,
bọ́ọ̀lù dúró lójú òfuurufú, kò lọ, kò bọ̀.
Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe?
Mo gbé kọ̀ǹpútà, mo dojú rẹ̀ dé.
Fẹ̀hìntọlá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.
Kò sí dísìkì nínú ẹ̀, mo mọ̀.
Ọwọ́ mi ni kò tíì mọ̀.

Ìgbà tó dín àwòrán kù ló tó já geere.
Ìró yẹn dún,
ìró tí mo fi ń mọ̀ pé kí n sọ abọ́ kalẹ̀,
mo bá di ọmọ ọdún mọ́kànlá tó jókòó sórí àga.
Mo gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ara mi. Mo tún gbá òmíràn.
Mẹ́jọ sí òdo ni wọ́n fi nà mí.
Kò sẹ́ni tó ní kí n dìde fún ẹlòmíì.

Bátìrì ń kú lọ, ó fi bọ́tìnnì kan hàn mí
tí í dá ayé dúró síbi tó dé:
ẹsẹ̀ lókè, bọ́ọ̀lù lẹ́nu ilé,
gbogbo èrò ìwòran lanu sílẹ̀.
Mo bi í bóyá èèyàn lè padà sẹ́yìn ju ibẹ̀ lọ.
Ó ní ibi téèyàn bá ti tẹ̀ ẹ́ nìkan ni.
Kò sẹ́ni tó tẹ nǹkan kan ní Ìjẹ̀mọ̀.

Lónìí mo kọjá ní Lafẹ́nwá.
Táyà ni Bọ̀dá Ṣówẹ̀mímọ́ ń tà báyìí,
irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun bí ọṣẹ ìfọyín.
“Ẹ̀ẹ́ ti rí, ìyá nọ́ọ̀sì?”
Ẹnu mi ti là. Ó ku díẹ̀ kí n sọ ọ́:
mo rí i, Oníkòlóbó ló wà, ó ṣì ń ké bó ṣe ń ké.
Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí wọ́n ti í ṣe.
Bí ará ilé bá ti gbúròó wọn, wọ́n á pòórá.
Mo ní, “Dáadáa ni, Bọ̀dá. Èló ni táyà?”
N kò ní mọ́tò.