Fáìlì Kọfí

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni fáìlì rẹ fi sùn lórí tábìlì mi, Ìbídùn,
lábẹ́ ife tíì, lábẹ́ ìwé owó táyà.
Owó tí o ń tọrọ kò tó nǹkan:
igba àpò náílọ́ọ̀nù, ẹ̀rọ kan tí ń wọn òjò,
owó ọ̀kadà láti Kàbà dé Ìyàmoyè, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.
Mo ní kí o pa dà wá lọ́la.
Lọ́la ni mo ń wí títí àkọ́rọ̀ òjò fi dé.

Lónìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọbasajú wọlé. Kò bínú;
ó kàn gbé ẹ̀ka kọfí kan síwájú mi,
èso rẹ̀ dúdú, ihò abẹ́rẹ́ ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan.
"Kòkòrò kì í dúró de òǹtẹ̀," ó ní.

Mo mọ ihò yẹn.
Òun ló sọ oko bàbá àgbà mi digbó.
Kò sẹ́ni tó béèrè nígbà náà,
kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo tẹ òǹtẹ̀. N kò rán mẹ́sẹ́ńjà;
èmi fúnra mi ni mo gbé e gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
yíǹkì rẹ̀ ò tíì gbẹ.

Òkun o, ọmọ mi.
Lọ kà wọ́n, èso kan tẹ̀lé èso kan.